Láti Paris dé Annecy: ọwọ́ tó wà lábẹ́ kámẹ́rà

Ọjọ́ Àìkú, Paris

Àjọ̀dún kàtúùnù tó ń wáyé ní Annecy, ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé, là ń lọ, ṣùgbọ́n Paris la ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ìlà 8 tàbí 9, ni kí èèyàn wọ̀, kó sì bọ́ sílẹ̀ ní Grands Boulevards. Musée Grévin, ilé tí wọ́n ń kó ère tí wọ́n fi ìda ṣe sí, wà níbẹ̀, ní 10 boulevard Montmartre. Àwọn tó tò síwájú ilé náà fẹ́ lọ ya fọ́tò pẹ̀lú ère agbábọ́ọ̀lù àti ère olórin ni. Ohun tó gbé wa débẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 1892, ọdún mẹ́ta ṣáájú kí àwọn ọmọ ilé Lumière tó fi sinimá tiwọn han àwọn tó sanwó. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Émile Reynaud fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ẹ̀rọ tó pè ní Théâtre optique, àwọn èèyàn tó yà sì ń rìn lójú aṣọ. Ọjọ́ yẹn ni àwọn oníkàtúùnù káàkiri ayé ṣì fi ń ṣe àyájọ́ iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Pauvre Pierrot, ọ̀kan nínú eré mẹ́ta tó fi hàn lálẹ́ náà, ní àwòrán 500 lórí ìgbànú tó gùn tó mítà 36. Fíìmù òde òní ń sá ní fírémù 24, ìyẹn àwòrán 24 tó ń kọjá lójú aṣọ, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; bí a bá sá ìgbànú yẹn bẹ́ẹ̀, kò ní pé ìṣẹ́jú-àáyá 21 tó fi parí. Síbẹ̀, eré náà ń gbà tó ìṣẹ́jú 15. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ọwọ́ méjèèjì Reynaud ló wà lára ìgbànú: á yí i síwájú, á dá a dúró kí Pierrot lè ronú, á dá a padà sẹ́yìn kí Arlequin yọjú, kó sá pamọ́, kó tún yọjú. Ilé àti ọgbà tó wà lẹ́yìn wọn ń ti inú àtùpà mìíràn wá, wọn kì í yí padà. Èèyàn nìkan ló wà lórí ègé jẹ́látíìnì kọ̀ọ̀kan, Reynaud sì fi dúdú kun gbogbo ibi tó kù kí ìmọ́lẹ̀ má baà gba ibẹ̀ kọjá. Láàárín àwòrán kan sí èkejì, ihò kékeré kan wà tí eyín kẹ̀kẹ́ ń kọ́.

Ẹni tó ń dá kàtúùnù ṣe ní yàrá rẹ̀, tí kò lówó tí yóò fi gba ayàwòrán ogún, ọ̀dọ̀ Reynaud ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí sinimá gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbànú rẹ̀ dà sínú odò Seine. Méjì péré ló kù láyé.

Láti Grévin, ibùdókọ̀ kan péré ló kù sí Bonne Nouvelle. Ẹsẹ̀ ló dáa jù. Théâtre du Gymnase tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Fantasmagorie ti Émile Cohl hàn ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 1908. Kò pé ìṣẹ́jú méjì. Bíi 700 àwòrán ni, tàdáwà dúdú lórí ìwé funfun, tí ó ń yà lórí gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀ kí àwòrán tuntun lè jókòó sórí ojú ti àtẹ̀yìnwá. Nẹ́gátíìfù rẹ̀ ló wá tẹ̀ jáde: dúdú di funfun, funfun di dúdú, ló bá dà bí ẹfun lójú pátákó ilé ìwé. Cohl ya fọ́tò àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Títí dòní, báyìí ni àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe é ṣì ń ṣe: fírémù méjì fún àwòrán kan, àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Méjì-méjì la ó máa pè é láti ibí lọ.

Ọjọ́ Ajé, lójú irin

TGV, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré jù, láti ibùdókọ̀ Gare de Lyon ní Paris máa ń lò tó wákàtí mẹ́rin ó dín díẹ̀ kó tó dé Annecy. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó kò ní láti gba Paris rárá; pápákọ̀ òfuurufú Geneva ló sún mọ́ Annecy jù, bọ́ọ̀sì sì ń ti ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ilẹ̀ Faransé ni kí ẹ ti tọrọ físà, nítorí ibẹ̀ lẹ ó ti lo ọjọ́ tó pọ̀ jù. Oṣù Kẹfà ni àjọ̀dún náà, ilé ìtura inú ìlú sì máa ń kún. Àwọn tó bá pẹ́ kí wọ́n tó gba yàrá a máa sùn sí Aix-les-Bains, wọ́n á máa wọ ọkọ̀ ojú irin wá láràárọ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tètè wo aago ọkọ̀ ìkẹyìn, nítorí fíìmù ìta gbangba kì í bẹ̀rẹ̀ kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó kọjá.

1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún Annecy. Lọ́dún kan náà, ní ìlú kan náà, ni wọ́n dá ASIFA sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníkàtúùnù àgbáyé, wọ́n sì fi Norman McLaren ti Kánádà jẹ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Orúkọ yẹn á tún jáde kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbọ̀ngàn Bonlieu

Báàjì lọ́rùn kò tó. Fíìmù kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó gba àyè fún ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àyè fíìmù kúkúrú sì máa ń tètè tán. Tí kò bá sí mọ́, ẹ lọ tò sí ẹnu ọ̀nà: bí àwọn tó gba àyè ò bá dé lásìkò, ìjókòó wọn di ti ẹni tó dúró.

Kí iná tó kú, ìwé tí wọ́n ká bí ọkọ̀ òfuurufú á bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti orí ìjókòó òkè. Èyí tó bá balẹ̀ sórí pèpéle, àtẹ́wọ́ ni. Nígbà tí fíìmù pẹ́ńpẹ́ tó máa ń ṣáájú bá jáde, gbogbo ilé á máa wá ehoro nínú rẹ̀, ẹni tó bá rí i á sì pariwo «lapin!» Ẹ má jẹ́ kí ariwo yẹn bí yín nínú. Tí fíìmù gan-an bá ti bẹ̀rẹ̀, ilé á pa lọ́lọ́.

Ètò fíìmù kúkúrú kan máa ń gbà tó wákàtí kan àtààbọ̀, fíìmù méje tàbí mẹ́jọ sì lè wà nínú rẹ̀. Kí ìkarùn-ún tó parí, ojú ti rẹ̀. Èèyàn ò sì lè dá a padà bíi ti YouTube. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo fún fíìmù kọ̀ọ̀kan.

Nínú àkọ́kọ́, ẹ wo ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ lórí ilẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ, ìdí rẹ̀ kò sì le: ìgbésẹ̀ ẹni náà kò bá ìrìn àwòrán ẹ̀yìn mu. Bí ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ bá rìn sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 4 láàárín àwòrán 12, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì rìn ní 5, ẹni náà á máa yọ̀ ni, bó ti wù kí wọ́n ya ojú rẹ̀ dáadáa tó.

Nínú ìkejì, ẹ wo ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rìn. Ibẹ̀ la ti ń mọ àgbà nínú iṣẹ́ yìí. Àwòrán kan tí wọ́n dá dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì máa ń kú lójú, nítorí ìlà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ̀n kó tó dúró lójijì. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á tún àwòrán kan náà yà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì máa pààrọ̀ wọn. Tí wọ́n bá to wọn ní 1-2-3, 1-2-3, ojú á gbọ́ ìlù tó wà níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, á sì di ohun tó ń dani láàmú. Kí wọ́n da ètò rẹ̀ rú: 1-3-2-1-2-3-1-2. Ìlà náà á máa mí, a ò sì ní mọ ibi tó ti ń padà.

Nínú ìkẹta, ẹ di ojú fún ìgbà díẹ̀. Nínú fíìmù tí wọ́n fi kámẹ́rà ya èèyàn, afẹ́fẹ́ yàrá náà ti wọnú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nínú kàtúùnù, òfo ni ìbẹ̀rẹ̀. Ìró ẹsẹ̀, aṣọ, ìlẹ̀kùn, èémí, gbogbo rẹ̀ lẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀. Ẹni tó gbọ́n sì máa ń fi ìró rọ́pò àwòrán: ìró mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn ògiri kò gbani ní àwòrán kankan, mọ́tò tí a bá rí lè gba ọgọ́rin.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù ńlá kankan, ẹ kọ́kọ́ wo ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde. Lójú tiwa, òun ló wúlò jù nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ náà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́, nítorí owó wọn kò pọ̀, ojú ìránṣọ sì hàn níta.

Ọjọ́rú, abẹ́rẹ́

Láàárọ̀, àkójọ àwọn musíọ́mù Annecy. Praxinoscope ti Reynaud ni kí ẹ dúró tì: àgbá kékeré tí àwòrán 12 wà nínú rẹ̀ yípo, tí dígí sì yí àárín rẹ̀ ká, dígí kan fún àwòrán kan. 1877 ló ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìgbà tí àgbá ń yí, ojú dígí ni ẹ ó máa wò, kì í ṣe ojú àwòrán.

Ọ̀sán ló tóbi jù. Ẹ̀rọ tí à ń sọ báyìí ni écran d'épingles, pátákó abẹ́rẹ́. Alexandre Alexeieff, tí wọ́n bí ní Rọ́ṣíà, àti Claire Parker, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní Paris ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Pátákó funfun kan dúró ṣánṣán. Ihò wà lára rẹ̀ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, abẹ́rẹ́ tí kò ní orí sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, tó lè wọlé tàbí jáde. Iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́rẹ́ tó bá yọ síta pátápátá á ju òjìji gígùn sórí pátákó. Tí gbogbo abẹ́rẹ́ agbègbè kan bá yọ báyìí, òjìji wọn á pàdé, ibẹ̀ á dúdú kirikiri. Ẹ tì wọ́n wọlé díẹ̀, òjìji á kúrú, ibẹ̀ á di eérú. Ẹ tì wọ́n wọlé tán, funfun ló kù. Kò sí ọ̀dà kankan níbẹ̀; òjìji ni gbogbo àwòrán náà.

Ohun ìṣeré alábẹ́rẹ́ kan wà ní ọjà tí àwọn ọmọdé fi ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ohun kan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ohun ìṣeré yẹn, bí abẹ́rẹ́ ṣe ga ni a ń wò; níhìn-ín, ẹ ò gbọ́dọ̀ rí abẹ́rẹ́ rárá.

Èyí tó wà ní iléeṣẹ́ fíìmù ìjọba Kánádà, NFB, ní abẹ́rẹ́ 240,000. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní Épinette ní 270,000. CNC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí sinimá ní ilẹ̀ Faransé, rà á ní 2012, wọ́n tún un ṣe, ní 2015 sì ni Michèle Lemieux láti Kánádà kọ́ àwọn ayàwòrán ní bí wọ́n ṣe ń lò ó, níbí ní Annecy.

Kò sẹ́ni tó ń ti abẹ́rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ṣíbí, gílóòbù iná, ìdí ìgò, ohunkóhun tó bá dán tí kò ní etí mímú ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Títẹ̀ ẹ́ láti iwájú ń mú ibẹ̀ funfun. Títẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn ń mú un dúdú. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi máa ń gba ẹni méjì: Alexeieff níwájú, Parker lẹ́yìn, òun tí ọ̀tún jẹ́ òsì fún. Bí wọ́n bá ti ya fọ́tò àwòrán kan, wọ́n á yí i padà di èyí tó tẹ̀ lé e, ti àkọ́kọ́ á sì run. Kò sí ìwé kankan láti padà sí. Tí àwòrán 40 bá ti bàjẹ́, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n wá ọgbọ́n fi àṣìṣe náà ṣe ìtàn.

Àwọn ohun tó ń ba á jẹ́: àtùpà tó sún díẹ̀, torí gbogbo òjìji ló máa yí gígùn padà lẹ́ẹ̀kan náà, ojú àwòrán á ṣẹ́jú pìrì, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ tì, tó tẹ̀, tí kò wọlé mọ́, tó wá di àmì dúdú kan tó dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ìran dé òpin rẹ̀.

Fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi í ṣe, Une nuit sur le mont Chauve, 1933, ìṣẹ́jú bíi 8, orin Mussorgsky ló gbé e rìn. Ẹ wò ó pẹ̀lú ohun tí a ti sọ yìí, ẹ ó rí i pé kò sí ìlà kankan tó yí ohunkóhun ká. Ẹṣin ń ti inú kùrukùru yọ, ó ń di ẹlòmíràn, ó ń padà sínú kùrukùru. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ kó má jẹ́ ìtàn iwin: òjìji kì í ní etí mímú, kò sì ní rọrùn fún abẹ́rẹ́ láti sọ ìtàn ọkùnrin tó wọ kóòtù tó ń rìn lọ sí ọ́fíìsì. Irinṣẹ́ náà ló yan ìtàn. Ohun tí a wá wò ní Annecy gan-an nìyí, fíìmù mélòó kan nínú ọ̀sẹ̀ yìí ló sì gbàgbé rẹ̀: wọ́n mú ìtàn tí kọ̀ǹpútà ì bá sọ tán láàárọ̀ kan, wọ́n fi iyanrìn sọ ọ́, iyanrìn náà ò sì rí nǹkan ṣe níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, iyanrìn

Òjò ń rọ̀ lórí adágún, a kò jáde lọ títí. Iyanrìn ni ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu láti bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí a ó fi pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Caroline Leaf ló sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀. Fíìmù rẹ̀ ti 1974, The Owl Who Married a Goose, tó ṣe ní NFB, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá wò.

Gíláàsì tó nípọn ní mìlímítà 5, nǹkan bíi 60 × 45 sẹ̀ǹtímítà, lórí àpótí méjì. Sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ike funfun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ kọjá. Iná LED wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Tí iná bá sún mọ́ ike náà jù, àárín àwòrán á mọ́ ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ máa gbé e lọ sílẹ̀ títí tí kámẹ́rà ò fi ní rí ojú iná mọ́. Ẹ fi páálí dúdú bo gbogbo gíláàsì, kí ẹ fi àyè 40 × 22.5 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ etí á wọnú lẹ́ǹsì, dúdú iyanrìn á sì di eérú.

Iyanrìn odò tàbí ti òkun. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kedere, nítorí eruku tó wà nínú rẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì tí kò ní ṣeé nù. Ẹ sá a gbẹ, ẹ fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kù ú, kí ẹ tún fi asẹ́ kù èyí tó jáde. Ife méjì tó. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní rí ibi funfun. Ní ìgbà òjò, iyanrìn máa ń fa ọ̀rinrin, á máa di kókó: ẹ yan án gbẹ nínú páànù lórí iná díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ní ìgbà ọyẹ́, òdìkejì ni: ẹni tó bá fi aṣọ ọ̀rá gbígbẹ nu gíláàsì, iyanrìn á máa fò mọ́ ọn bí ìgbà tí nǹkan ń fà á. Aṣọ òwú tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kámẹ́rà tàbí fóònù wà lókè, ó kọjú sílẹ̀ gbọọrọ, ẹ so ó mọ́lẹ̀ débi pé bí ẹ bá gbá tábìlì, kò ní mì. Ẹ má fi ohunkóhun sílẹ̀ fún un láti dá ṣe: ìmọ́lẹ̀, àwọ̀, ojú lẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ tì pa. Fóònù tí a ò tì á rí ọwọ́ dúdú tó wọlé, á tan ìmọ́lẹ̀ sí i, àwòrán tó tẹ̀ lé e á sì mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni ṣíṣẹ́jú pìrì tó ń ba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta jẹ́. Tí kámẹ́rà ńlá ni, lẹ́ǹsì tí ẹ fi ọwọ́ yí òrùka ihò rẹ̀ ló dáa jù, torí lẹ́ǹsì oníná máa ń pa ihò rẹ̀ dé fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kì í sì í pa á dé bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Iná ìjọba nílé wa ń lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìdá 1/50 tàbí 1/25 ìṣẹ́jú-àáyá ni kí ẹ fi ya fọ́tò, kì í ṣe 1/60. Èyí tó dáa ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí LED náà wà lórí bátìrì: ìgbà tí ẹnì kan bá tan ẹ̀rọ omi ní ilé kejì, iná yín ò ní mọ̀.

Ìṣẹ́jú-àáyá 8 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Méjì-méjì, fọ́tò 96 nìyẹn, ó lè gba ọjọ́ kan gbáko. Aṣọ dúdú ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ pa iná àjà, kí ẹ pa fáànù pẹ̀lú.

Ìka ọwọ́, búrọ́ọ̀ṣì kan, etí káàdì, òwú tí wọ́n fi ń nu etí. Irinṣẹ́ ti tán. Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe ni pé ó ń ti iwájú ẹranko náà síwájú, ó sì ń gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó bá di àwòrán ogún, ajá ti di màlúù. Ẹ ti iwájú ní mìlímítà 3, kí ẹ gbá ẹ̀yìn ní mìlímítà 3, lẹ́yìn náà kí ẹ ya fọ́tò. Tí ó bá fẹ́ gbéra, ẹ má gbé e ní ìwọ̀n kan náà: 1, 2, 4, 6, 6, 4, 2, 1 mìlímítà, ojú á gbà pé ó ní ìwúwo. Ìyókù iyanrìn tó bá jábọ́ sójú funfun, ẹ máa gbá díẹ̀ lẹ́yìn àwòrán méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá jẹ́ kó pọ̀ kó tó gbá gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwòrán rẹ̀ á fò. Kò sì yẹ kí ẹ gbá a tán: díẹ̀ tó kù lẹ́yìn ẹranko náà ni ojú fi ń mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn kọjá níbẹ̀, gbogbo ẹwà iyanrìn sì wà nínú ìyẹn.

Ọ̀dà lórí gíláàsì, ìlànà kan náà ni, ohun tó ń gbẹ nìkan ló fi yàtọ̀. Aleksandr Petrov lo ọ̀dà olóróró tí kì í tètè gbẹ, ìka ló sì fi kun èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. The Old Man and the Sea, 1999, lé ní àwòrán 29,000 fún ìṣẹ́jú 20, ó sì gba Oscar. Leaf ní tirẹ̀, nínú The Street ti 1976, po ọ̀dà mọ́ gílísárìn kí ó lè pẹ́ kó tó gbẹ. Ní ooru ilé wa, ọ̀dà omi lásán á ti gan kí ẹ tó ya fọ́tò karùn-ún. Ṣíbí ọ̀dà mẹ́rin sí ṣíbí gílísárìn kan, kí ẹ dán an wò. Tí ìlà bá ń ṣàn, gílísárìn ti pọ̀ jù. Nínú fíìmù Leaf yẹn, ẹ wo bí yàrá ṣe ń di òpópónà láìsí ibi tí wọ́n ti gé e: ọ̀dà náà ti wà lórí gíláàsì, ó rọrùn fún un láti yí i padà ju kó nù ún lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọmọlangidi

Ní ṣókí. Egungun ọmọlangidi olówó pọ́ọ́kú ni wáyà alumíníọ̀mù: mìlímítà 2, kí ẹ lọ́ méjì pọ̀ fún ẹsẹ̀, mìlímítà 1 fún ìka. Alumíníọ̀mù máa ń ṣẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lójú kan náà léraléra, ọrùn ẹsẹ̀ àti ìgúnpá ló sì kọ́kọ́ ń lọ. Kí apá àti ẹsẹ̀ ìrọ́pò ti wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ṣe wọ́n bí èyí tó ṣeé yọ. Nọ́ọ̀tì wà nínú àtẹ́lẹsẹ̀, ihò wà lára pátákó ilẹ̀, bóòtù mìlímítà 3 á sì ti abẹ́ wọlé láti dì í mú. Ọmọlangidi tí wọ́n kàn gbé lélẹ̀, tí wọn kò so, kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ẹni tí kò sì lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan kò lè rìn.

Ìṣòro tí ọ̀pọ̀ kì í retí ni òru. Pákó ilé eré máa ń wú, ó máa ń sún, bí yàrá ṣe ń gbóná tó sì ń tutù. Ẹni tó bá fi ìran kan sílẹ̀ lálẹ́ tó padà sí i láàárọ̀, fífò kékeré kan á wà níbẹ̀. Ìran tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Pâquier

McLaren kò lo kámẹ́rà nínú ọ̀pọ̀ fíìmù rẹ̀. Ní Blinkity Blank, 1955, fíìmù dúdú ló fi ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́ ha, ọ̀pọ̀ fírémù ló sì fi sílẹ̀ ní dúdú pátápátá. Ojú olùwòran ló ń so èyí tó rí mọ́ èyí tí kò rí. Ẹni tó bá rí fíìmù 35 mìlímítà àtijọ́, fírémù kan jẹ́ ihò mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 46. Láti mọ ojú tó yẹ kí ẹ ha, ẹ fi ètè tó tutù kàn án: ojú tó bá lẹ̀ mọ́ ètè ni.

Ọ̀dọ̀ McLaren yìí ni Moustapha Alassane ti orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa, lọ kọ́ nínú iṣẹ́ náà ní Kánádà. Bon voyage Sim, 1966, kò ju ìṣẹ́jú bíi márùn-ún lọ, dúdú àti funfun. Ààrẹ ìlú àwọn ọ̀pọ̀lọ́ rìnrìn àjò lọ kí ààrẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣe é ní àlejò ńlá, kó tó padà délé wọ́n ti gbàjọba. Ìlà tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, àwọn èrò tó ń patẹ́wọ́ sì ń tún ìṣe kan náà ṣe, bí èrò tó bá pàdé ààrẹ ní pápákọ̀ òfuurufú ti máa ń ṣe lóòótọ́. Ìfúnwọ́pọ̀ náà di ẹ̀fẹ̀. Ó dùn wá pé àwọn oníkàtúùnù ilẹ̀ Nàìjíríà tó mọ orúkọ iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà mẹ́wàá kò mọ ọkùnrin yìí.

Lálẹ́, ìkéde àwọn tó gba Cristal, ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún náà. Èyí tó bá gba ti fíìmù kúkúrú ti ní ẹ̀tọ́ láti du Oscar nìyẹn, bí gígùn rẹ̀ kò bá ju ìṣẹ́jú 40 lọ pẹ̀lú orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn. Lórí koríko Pâquier, ìdí adágún, wọ́n na aṣọ ńlá, ìlú sì jáde wá wò pẹ̀lú ẹní àti bùrẹ́dì.

Ẹni tó bá ń gbèrò láti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ̀dún kankan, ohun kan ni kó ṣe kó tó ya fọ́tò àkọ́kọ́. Áàpù orí fóònù máa ń fẹ́ gbé fíìmù jáde ní fírémù 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ilé sinimá ń sá 24. Nígbà tí wọ́n bá yí 30 padà sí 24, fírémù kan nínú márùn-ún ló ń jábọ́. Fíìmù tí wọ́n ya ní méjì-méjì wá di méjì, méjì, ọ̀kan, méjì, ọ̀kan, ẹsẹ̀ tí ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá tún ṣe á máa tiro lójú aṣọ ńlá. Ẹ ṣí ètò áàpù náà, ẹ yan 12 tàbí 24.